Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ má fẹnu ara yín dínà mọ́ ara yín

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, gbólóhùn kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tí mo ń kọ́ níṣẹ́: "Èmi àti ìṣirò ò bára mu." Ẹlòmíràn a ní orí òun ò gba kọ̀ǹpútà. Ẹlòmíràn a ní òun kì í ṣe ẹni tí í dìde sọ̀rọ̀ láwùjọ. Ohun tó ń ká mi lára ni pé wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ọjọ́ ìbí rẹ̀, ohun tó ti wà lákọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò lè yí padà. Bí mo bá sì béèrè ìgbà tí wọ́n dán an wò gbẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ wọn a dákẹ́. Máàkì kan tí olùkọ́ fún wọn nígbà kan rí, tàbí ọ̀rọ̀ kan tí àgbàlagbà sọ sí wọn, ni wọ́n ṣì ń gbé kiri.

Ìtàn kan tí mi ò yé sọ fún wọn ni ti George Dantzig, onímọ̀ ìṣirò ará Amẹ́ríkà. Ní 1939, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ fún oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì California ní Berkeley. Ó pẹ́ dé kíláàsì olùkọ́ rẹ̀, Jerzy Neyman, lọ́jọ́ kan, ó bá ìbéèrè méjì lójú pátákó, ó rò pé iṣẹ́ àṣetiléwá ni, ó sì dà wọ́n kọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ó kó ìdáhùn lọ, ó tún ń tọrọ àforíjì pé ó pẹ́ lọ́wọ́ òun, torí wọ́n dà bí ẹni le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ díẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6 kí Neyman tó wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Sunday kan, tayọ̀tayọ̀. Ìbéèrè méjèèjì wà lára èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì rí ojútùú sí nínú ìmọ̀ statistics, ìyẹn ìmọ̀ kíkó iye jọ àti títúmọ̀ rẹ̀.

Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí sábà máa ń fo ibì kan, ibẹ̀ gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹ dúró sí. Dantzig kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àròpọ̀. Ìmọ̀ tó nílò ti wà lágbárí rẹ̀ kó tó wọ kíláàsì yẹn. Èrò rere kọ́ ló bá a yanjú ìbéèrè. Ohun tí àìmọ̀ pé wọ́n le ṣe fún un ni pé kò jẹ́ kó kọ́kọ́ sá. Ká ní ẹnì kan ti pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ní apá ẹnikẹ́ni ò ká wọn, ó ṣeé ṣe kó má tilẹ̀ mú gègé. Ìmọ̀ náà ì bá wà níbẹ̀ láìlò. Mo ti rí irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ lára ọ̀pọ̀ nínú yín, ó sì máa ń dùn mí.

Ìwádìí tí Martin Seligman àti Steven Maier, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí, tẹ̀ jáde ní 1967 ló jẹ́ kí n mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ ìṣírí nìkan kì í fi í tó. Ajá ni wọ́n lò, ó sì nira láti kà. Wọ́n ń fi iná mànàmáná ta àwọn ajá náà lọ́nà tó jẹ́ pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe láti dá a dúró. Nígbà tí wọ́n wá gbé wọn sí ibòmíràn, níbi tó jẹ́ pé kí wọ́n ṣáà fo ìdènà kékeré kan ni, ọ̀pọ̀ wọn dùbúlẹ̀, wọ́n ń ké, wọn ò gbìyànjú. Ọ̀nà sì ṣí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ohun tó wá ràn wọ́n lọ́wọ́ ni pé àwọn olùwádìí fi okùn wọ́ wọn kọjá síbi tí ìrora ò sí, léraléra, títí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í dìde fúnra wọn. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ gbéra kí ọkàn tó gbà.

Ní 2016, Seligman àti Maier tún àlàyé wọn ṣe, lẹ́yìn tí wọ́n ti wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ. Wọ́n ní jíjókòó gẹlẹtẹ lójú ìnira tó pẹ́ kì í ṣe ohun tí ẹ̀dá kọ́, bí ara ṣe máa ń ṣe fúnra rẹ̀ ni. Ohun tí à ń kọ́ ni pé agbára wà lọ́wọ́ wa láti yí nǹkan padà. Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn jẹ́ fún mi. Ẹni tó jókòó tì í, tó ní òun ò lè, kò lábùkù kankan. Ohun kan wà tí kò tíì kọ́, ó sì ṣeé kọ́.

Báwo la ṣe ń kọ́ ọ? Ní 1977, Albert Bandura, òun náà onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí, tọ́ka sí orísun mẹ́rin tí ìgbàgbọ́ pé "mo lè ṣe é" ti ń wá: ohun tí èèyàn fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe yọrí, rírí ẹni tó jọ ọ́ tó ń ṣe é, ọ̀rọ̀ ìyànjú látẹnu ẹlòmíràn, àti bí a ṣe ń túmọ̀ ohun tí ara ń ṣe wá, bí àyà jíjá. Ti àkọ́kọ́ ló lágbára jù. Ìdí nìyí tí mi ò fi í sọ fún ẹni tó ń bẹ̀rù pé "o lè ṣe é" kí n sì bá tèmi lọ. Iṣẹ́ kékeré ni mo máa ń wá, èyí tó kéré débi pé kò ní ráyè kọ̀ ọ́, àmọ́ tó jẹ́ ojúlówó iṣẹ́. Ẹni tó ń sá fún kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, ìlà kan péré ni màá ní kó yí padà nínú ètò tó ti ń ṣiṣẹ́, kó wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kò ní pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ á fi béèrè pé, bí òun bá yí ti ìsàlẹ̀ yìí náà ńkọ́? Ní ti àyà jíjá, ọ̀pọ̀ yín rò pé ẹ̀rí pé ẹ ò mọ̀ ọ́n ni. Àyà àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà ń já. Wọ́n kàn ti mọ̀ pé ara ló ń múra sílẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún àlá tó dùn ju iṣẹ́ lọ. Gabriele Oettingen, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí mìíràn, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí èyí, ó sì rí i pé àwọn tó kàn ń fojú inú wo àṣeyọrí bíi pé ọwọ́ ti tẹ̀ ẹ́ sábà máa ń dẹwọ́. Ẹni tó ro ohun tó ń fẹ́, tó sì ro ìdènà tó wà lọ́nà mọ́ ọn, ló máa ń sapá.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà kí ẹnikẹ́ni má baà fi ọ̀rọ̀ mi na ara rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìdènà ló ti inú wá. Àìsàn wà, àìlówó wà, ojúsàájú wà, ilẹ̀kùn sì wà tí àwọn ẹlòmíràn dìídì tì. Bí ẹ bá ń sọ fún ẹni tó ń bá ìwọ̀nyí jà pé kó ṣáà yí èrò rẹ̀ padà, ẹrù rẹ̀ lẹ̀ ń fi kún. Bí mo ṣe ń mọ ìyàtọ̀ ni pé ìdènà tòótọ́ sábà máa ń ní àlàyé: owó yìí ni kò pé, ìwé ẹ̀rí báyìí ni wọ́n ń béèrè. Èyí tí a fẹnu ara wa gbé kalẹ̀ kì í ju "ti irú èmi kọ́" lọ.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé iṣẹ́ tó bà yín lẹ́rù lé yín lọ́wọ́, ẹ má dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ẹ mú ìwé, ẹ kọ apá tí ẹ ti mọ̀ nínú rẹ̀ sókè, ẹ kọ èyí tí ẹ ò tíì mọ̀ sísàlẹ̀, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó mọ̀ ọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. "Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe" á wá di "apá kẹta yìí ni mi ò tíì mọ̀, ẹ̀gbọ́n báyìí ló lè fi hàn mí." Ọ̀gá tó bá gbọ́ èyí mọ ohun tó máa ṣe fún yín. Bó bá sì jẹ́ èmi ni ọ̀gá náà, ẹ mú ìwé yẹn wá, a ó jọ jókòó tì í.