Oúnjẹ tí a ò mọ ẹni tó gbé e wá: Halloween ní Maryland àti ọdún n'Ìbàdàn

Ọdún kìíní tá a kó dé Bowie, ní Maryland níbí, oṣù kẹwàá ti ń parí lọ, mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ kí n mú àwọn ọmọ lọ síbi tí bọ́ọ̀sì ilé ìwé ti ń gbé wọn, ni mo bá bá apẹ̀rẹ̀ kan lẹ́nu ọ̀nà. Rìbọ́n dúdú ni wọ́n so mọ́ ọn, elégédé kékeré kan wà nínú ẹ̀, súìtì wà níbẹ̀, kúkì wà níbẹ̀, pẹ̀lú ìwé pélébé kan tí wọ́n ya iwin sí. Kò sórúkọ ẹnikẹ́ni lára ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà n'Ìbàdàn bíi tèmi, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ṣe? Oúnjẹ téèyàn bá lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ kùtù, tí ò rí ẹni tó gbé e wá, tí nǹkan dúdú tún wà lára ẹ̀, ta ló máa fọwọ́ kàn án? Mo fa àwọn ọmọ sẹ́yìn, mo pa ilẹ̀kùn dé, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn la gbà jáde.

Ìrọ̀lẹ́ ni mo tó rí màmá aláwọ̀ funfun kan tó ń gbé ilé kejì sí wa, mo bi wọ́n. Wọ́n ní wọ́n ti "boo" wa ni. Wọ́n ní báyìí làwọn ará àdúgbò ń ṣe tí Halloween bá ti ń sún mọ́lé, ìyẹn ọdún tí wọ́n ń ṣe níbí lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá, táwọn ọmọdé ń wọ ìbòjú lọ gba súìtì láti ilé dé ilé, ẹnì kan á di nǹkan jíjẹ sínú apẹ̀rẹ̀, á gbé e sẹ́nu ọ̀nà ẹlòmíì ní kọ̀rọ̀, á tẹ aago, á sá lọ, ẹni tí wọ́n bá gbé e fún náà á wá dì í fún ilé méjì míì láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Adùn ibẹ̀ fún wọn ni pé wọn ò mọ ẹni tó ṣe é.

Mo ronú sí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an. Torí nílé wa, ẹni tó gbé oúnjẹ wá ṣe pàtàkì ju oúnjẹ fúnra ẹ̀ lọ. Tí Kérésì bá dé, màmá mi á bu ìrẹsì àti ẹran adìyẹ sínú abọ́, wọ́n á fi abọ́ míì dé e, wọ́n á fi aṣọ dì í, èmi ni wọ́n á rán sí Alhaja ọ̀dọ̀ọ́kán, màá kúnlẹ̀, màá ní "màmá mi ní kí n gbé e fún yín, wọ́n ní ẹ kú ọdún o," Alhaja á ṣàdúrà títí orúnkún á fi máa ro mí. Tó bá di Iléyá, ẹran á ti ọ̀dọ̀ tiwọn wá. Kò sẹ́ni tó ń béèrè kí ni wọ́n fi sè é, torí ojú ẹni tó sè é la mọ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo ní èmi náà á ṣe tèmi. Mo din ṣin-ṣín, mo dì í sínú ọ̀rá kéékèèké, mo so rìbọ́n mọ́ ọn. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá, táwọn ọmọdé ń bọ̀ láti ilé dé ilé pẹ̀lú ìbòjú, ó rán mi létí bí àwa náà ṣe máa ń wọṣọ ọdún rìn kiri nílé, a kú ọdún, a kú ìyèdún, wọ́n á fún wa ní ìrẹsì, wọ́n á fún wa lówó. Inú mi dùn, mo ń pín in lọ. Àfi bí bàbá kan tó di ọmọ ẹ̀ lọ́wọ́ mú ṣe rọra bi mí pé ṣé mi ò ní èyí tó ti ọ̀dọ̀ kọ́ńpìnnì wá, tí wọ́n lẹ̀ pa. Ó dùn mí, mi ò ní purọ́.

Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo wá mọ ìdí ẹ̀. Lọ́dún 1974, ní Texas, ọkùnrin kan fi májèlé sínú súìtì Halloween ọmọ ẹ̀, ọmọ ọdún 8, torí owó ínṣọ́ránsì, ọmọ náà sì kú. Bàbá tó bí i ló ṣe é o, kì í ṣe aládùúgbò, àmọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló wà lọ́kàn àwọn òbí tí wọ́n fi ń da gbogbo ohun tọ́mọ gbà sórí tábìlì, tí wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà lọ́mọ, mi ò lè bá wọn jà sí i. Torí náà, ọmọ tí mi ò mọ̀, súìtì inú ọ̀rá ni mò ń fún un. Àmọ́ àwọn tá a jọ ń gbé, mo pinnu pé màá yan nǹkan fún wọn, màá gbé e lọ fúnra mi, wọ́n á rí ojú mi.

Kúkì ni mo wá ń yan. N'Ìbàdàn a ò ní oven, ìkòkò ńlá ni màmá mi ń da iyanrìn sí, wọ́n á gbé e ka sítóòfù kẹrosíìnì, tí iyanrìn bá gbóná dáadáa ni wọ́n á tó gbé páànù kéèkì lé e, wọ́n á dé e, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i. Àwa ọmọ là ń fi omọrogùn po bọ́tà mọ́ ṣúgà, apá á fẹ́ẹ̀ já, wọn ò ní jẹ́ ká dúró àfi tí bọ́tà bá funfun, tó o bá fi ìka méjì rá a tí o ò gbọ́ hóró ṣúgà kankan mọ́. Níbí, ẹ̀rọ ló ń pò ó, oven á gbóná dé 350 ti Fahrenheit, ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá ó ti jiná. Síbẹ̀ ìka méjì yẹn ni mo ṣì fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Màá fi nutmeg, atalẹ̀ àti kànáfùrù díẹ̀ sí i, màá gbé e sí fíríìjì fún wákàtí kan kó lè le, kí n tó gé e bí elégédé, òwìwí, ìràwọ̀ àti ewé, kí n sì yan án, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á tẹ́ pẹrẹsẹ lórí páànù, ojú elégédé ò ní hàn mọ́. Tí etí ẹ̀ bá ti ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ yọ ọ́, ẹ má dúró de àárín.

Màmá mi rí i lórí WhatsApp, wọ́n pariwo, "òwìwí lẹ fi ń ṣe bísíkíìtì fọ́mọ jẹ?" Mo ṣàlàyé pé àṣálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ Àwọn Ẹni Mímọ́ ni Halloween, pé orúkọ ẹ̀ gan-an ti ibẹ̀ wá, wọn ò gbà. Mo yọ òwìwí kúrò. Ó ku elégédé, ìràwọ̀ àti ewé. Ti elégédé ò lè bí ẹnikẹ́ni nínú, ṣebí ewé ẹ̀ la fi ń se gbọ̀rọ̀.

Ohun tí mi ò mọ̀ nílé tí mo kọ́ níbí ni ti ẹ̀pà. Mo ti lọ ẹ̀pà mọ́ ọn lọ́dún kan, mo ti dì í tán, kí ìyá ilé kẹrin tó sọ fún mi pé ọmọ òun ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án, pé ọ̀fun ẹ̀ máa ń wú. Ara mi gbọ̀n. Àwọn kan ń kun elégédé ní búlúù tó ń lọ sí àwọ̀ ewé, wọ́n á gbé e síta, kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè mọ̀ pé nǹkan ìṣeré wà nílé yẹn fún wọn, ọdún 2014 ló tàn ká Amẹ́ríkà. Látìgbà náà mò ń kọ gbogbo ohun tó wà nínú kúkì mi sórí ìwé, títí kan bọ́tà.

Lọ́dún tó kọjá màmá ilé kejì gbé abọ́ mi padà wá, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ápù mẹ́fà wà nínú ẹ̀. Mi ò sọ fún wọn rí pé nílé wa abọ́ kì í padà lófìfo.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀ tọdún yìí. Ilé mẹ́sàn-án ni. Mo ti ra ọpọ́n tuntun tí ẹ̀pà ò kàn rí fún ti ọmọ yẹn, ìyá ẹ̀ sì ti fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ pé ìràwọ̀ ló fẹ́.