Ẹ má tú bátìrì ọkọ̀ nítorí inverter

Ẹni tó bá ń gbèrò láti fa wáyà láti ara alternator ọkọ̀ (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti mú iná wá) lọ sínú inverter (ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé) láìsí bátìrì láàárín, kó jọ̀ọ́ kọ́kọ́ gbọ́ tèmi.

Bátìrì inverter wa ló kú, kò sì sówó òmíràn. Mo wá gbọ́n lójú ara mi: ṣebí alternator ló ń fún bátìrì ọkọ̀ níná? Ẹ jẹ́ ká gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ tààrà. Mo ṣáná sí ọkọ̀, mo tú orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, mo so inverter 1000 watt mọ́ wáyà tí mo tú. Ó tàn! Gílóòbù méjì, tẹlifíṣọ̀n, fáànù. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yan káàkiri ilé.

Ìyàwó mi bá gbé blender jáde (kò fẹ́ kí n sọ apá yìí). Ọkọ̀ ń kérora, inverter ń ké pín-ín pín-ín, àmọ́ ata kúnná. Ìgbà tó pa blender gan-an ni mo gbọ́ "pàù!" Òórùn wáyà jíjó gba ilé kan. Inverter lọ, rédíò ọkọ̀ bá a lọ.

Ọ̀gá rewáyà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Dádì, bí èèyàn bá ń fi gbogbo agbára ti ilẹ̀kùn, tẹ́nì kan wá ṣí i látinú, ṣé kò ní ṣubú wọlé ni?" Bí alternator ṣe ṣe nìyẹn. Bíi 14 volt ló yẹ kó máa mú wá, ṣùgbọ́n bí ẹrù ńlá bá kúrò lórí rẹ̀ lójijì, iná lè fò kọjá 40 volt kí regulator, ohun tó ń dín iná alternator kù, tó fà á sẹ́yìn. Bátìrì ló máa ń gba ìyẹn mọ́ra. Bátìrì yìí kan náà ló ń fún alternator ní iná díẹ̀ tó fi ń jí. Ká ní mi ò kọ́kọ́ fi ṣáná ni, bóyá ni ì bá tàn rárá.

Ìṣirò tó yẹ kí n kọ́kọ́ ṣe, ẹ̀yìn ni mo ṣe é. Ẹ fi 12 volt bátìrì pín 1000 watt inverter: ó lé ní 83 amp, ìyẹn bí iná tó ń gba inú wáyà ṣe pọ̀ tó. 80 amp ni wọ́n kọ sára alternator mi, ìyẹn náà sì jẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré o, kì í ṣe nígbà tó bá kàn ń rọra yí.

Ní báyìí, bátìrì wà ní àyè rẹ̀. Orí rẹ̀ ni mo ń so inverter 300 watt mọ́, pẹ̀lú wáyà tó ki àti fíùsì nítòsí bátìrì. Ìta gbangba ni ọkọ̀ ń wà, torí èéfín rẹ̀ ń pààyàn. Ata wa sì ti padà sọ́dọ̀ ìyá tó ń fi ẹ̀rọ lọ ata ní ìkòríta.