Tí infẹ́kṣọ̀n bá wọ oríkèé èjìká àtọwọ́dá: ṣé ká ṣe é lẹ́ẹ̀kan ni àbí lẹ́ẹ̀mejì?

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn tipẹ́, torí tí wọ́n bá ti ní infẹ́kṣọ̀n wọ oríkèé tí wọ́n fi sí èèyàn léjìká, ohun tí ọ̀pọ̀ ń rò ni pé ẹni tí wọ́n bá ṣiṣẹ́ abẹ fún lẹ́ẹ̀mejì ni tiẹ̀ máa mọ́ jù. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ jẹ́ ká ti ibi kòkòrò tó ń fa infẹ́kṣọ̀n yẹn wò ó ná. Èyí tó wọ́pọ̀ jù léjìká ni Cutibacterium acnes, inú ihò irun níbi tí òróró ara ti ń jáde ló ń gbé, ó sì pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ. Wọ́n lè fi oògùn nu awọ kó mọ́ lókè kó ṣì wà nísàlẹ̀, tí ọ̀bẹ bá ti là á, ó bá a wọlé nìyẹn. Jẹ́jẹ́ ló ń ṣe tiẹ̀: èjìká lè má wú, ibà lè má sí, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè ní kò sí nǹkan kan, àmọ́ apá á kàn máa dunni, á máa le, oríkèé yẹn á sì máa mì. Ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n máa gé ẹran ara láti bí ojú ibi márùn-ún fún àyẹ̀wò, tí láàbù á sì dá a dúró tó ọjọ́ 14, torí tí wọ́n bá dà á nù lọ́jọ́ kẹta, wọ́n á ní kò sí kòkòrò, bẹ́ẹ̀ ó wà ńbẹ̀.

Ti ká kàn fọ ibẹ̀ ká sì fi oríkèé náà sílẹ̀, àfi tí infẹ́kṣọ̀n náà bá ṣì tuntun. Tó bá ti pẹ́, kòkòrò ti fi nǹkan bí ikun bo ara ẹ̀ mọ́ irin, oògùn ò ní wọ ibẹ̀.

Ti ẹlẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á yọ gbogbo ẹ̀, wọ́n á fi símẹ́ǹtì tí wọ́n po antibáyọ́tíìkì bíi vancomycin mọ́ dí ààyè ẹ̀, aláìsàn á gba oògùn fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ó lè gba oṣù mélòó kan kí wọ́n tó tún un là kí wọ́n fi tuntun sí i. Àǹfààní ẹ̀ ni pé àyè wà láti mọ kòkòrò náà dáadáa. Ṣùgbọ́n oògùn oorun á di ẹ̀ẹ̀mejì, eegun lè ṣẹ́, iṣan á ti súnkì, àwọn kan ò sì ní padà wá fún ìkejì rárá, bóyá ara wọn ò gbé e mọ́ tàbí símẹ́ǹtì yẹn ti tẹ́ wọn lọ́rùn, tí wọ́n bá wá ń ka àwọn tó yè é, wọ́n lè má ka irú wọn mọ́ ọn.

Ti ẹlẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n ti ń ṣe fún ìbàdí ní Hamburg, Jámánì, láti àwọn ọdún 1970, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á ha ibẹ̀ mọ́ tónítóní, wọ́n á pààrọ̀ aṣọ àti irinṣẹ́, wọ́n á sì fi tuntun sí i lójú ẹsẹ̀. Nínú ìwádìí tí wọ́n kó jọ, infẹ́kṣọ̀n ò padà wá sára àwọn wọ̀nyí ju ti ẹlẹ́ẹ̀mejì lọ. Òótọ́ ni pé àwọn tí tiwọn burú jù ni wọ́n sábà máa ń ṣe fún lẹ́ẹ̀mejì, torí náà ìfiwéra yẹn ò dọ́gba, síbẹ̀ tó bá jẹ́ acnes yìí ni, tí eegun ṣì dáa, tí a sì mọ oògùn tó ń pa á, ẹ̀ẹ̀kan ni màá dìbò fún. Tí ọyún bá ń jáde, tí a ò mọ kòkòrò ẹ̀, tàbí tí oògùn ò ran án, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Ó ku ti ká yọ ọ́ ká má fi nǹkan kan rọ́pò, fún ẹni tí ara ẹ̀ ò lè gba iṣẹ́ abẹ mìíràn mọ́: ìrora lè dínkù, àmọ́ apá yẹn ò ní fi bẹ́ẹ̀ gòkè mọ́.