Mílíìkì ló ń da inú rú, wàrà kò ṣe nǹkan kan

Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá ló mọ ọ̀rọ̀ yìí lára. Ẹnì kan da odindi agolo mílíìkì sínú ògì láàárọ̀. Kò tíì pé wákàtí méjì, inú ti wú, ó ń kùn, ìgbẹ́ gbuuru ti dé. Á ní ògì ló kan, tàbí pé mílíìkì náà ti bàjẹ́. Lọ́jọ́ kejì, á jẹ wàrà dídín mẹ́rin, kò ní sí ohun tó máa ṣe é. Bẹ́ẹ̀, ọmú màlúù ni méjèèjì ti wá.

(Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú: wàrà ni Bíbélì Yorùbá ń pe mílíìkì gan-an. Níbí, èyí tó ti dì, tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri nínú igbá, ni mò ń pè ní wàrà.)

Ṣúgà kan tó ń jẹ́ lactose ló dá ìyàtọ̀ sílẹ̀. Mílíìkì màlúù ní tó gíráàmù 5 nínú mílílítà 100. Ti ọmú ìyá pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó tó gíráàmù 7. Ṣúgà yìí kò lè gba ara ìfun kékeré wọnú ẹ̀jẹ̀ àfi tí a bá kọ́kọ́ gé e sí méjì, èròjà kan tó ń jẹ́ lactase, tó wà lára ìfun náà, ló sì ń gé e. Ọmọ tuntun ní lactase dáadáa. Bí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú tán, ó ń dín kù díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ajá, fún ewúrẹ́, fún ọ̀bọ, àti fún èyí tó pọ̀ jù nínú ọmọ aráyé. Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ń pè é ní àìsàn. Bí wọ́n ṣe dá ara wa láti ìpilẹ̀ nìyẹn. Àwọn tó ń mu mílíìkì dọjọ́ ogbó láìsí wàhálà ni tiwọn ṣàrà ọ̀tọ̀.

Lactose tí kò rí ohun tó máa gé e á fa omi mọ́ra, á sì ṣàn dé ìfun ńlá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé ibẹ̀ á jẹ ẹ́, wọ́n á tú gáàsì àti ásíìdì jáde. Gáàsì ló ń mú inú wú, omi ló ń mú ìgbẹ́ ṣàn. Ìdánwò ilé ìwòsàn náà wá láti ibẹ̀: wọ́n á fún èèyàn ní gíráàmù 25 tàbí 50 lactose mu, wọ́n á sì máa wọn háídírójìn, ọ̀kan nínú gáàsì yẹn, nínú èémí rẹ̀. Bó bá fi ìpín 20 nínú mílíọ̀nù ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a jẹ́ pé lactose ti dé ìfun ńlá láìgé.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlíkóyè Ransome-Kútì, oníṣègùn àwọn ọmọdé tó padà di mínísítà ètò ìlera, wà lára àwọn tó dán ọ̀rọ̀ yìí wò láàárín àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà. Èsì wọn jáde lọ́dún 1971: èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Yorùbá kò lè gé lactose, ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran sì lè gé e. Lọ́dún 2002 ni àwọn onímọ̀ ní Fínlándì rí lẹ́tà kan ṣoṣo tó yí padà nínú DNA, àkọsílẹ̀ àjogúnbá inú ara, nítòsí jíìnì tó ń mú lactase jáde, tí kì í jẹ́ kí iṣẹ́ jíìnì náà dáwọ́ dúró. Lẹ́tà kan náà ló wà lára Fúlàní. Ṣùgbọ́n nígbà tí Sarah Tishkoff àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ àwọn darandaran Kẹ́ńyà, Tàǹsáníà àti Sùdáànù wò, tí wọ́n sì gbé èsì jáde lọ́dún 2007, lẹ́tà mìíràn ni wọ́n bá. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Ọ̀rá mílíìkì ti wà lára àpáàdì ìkòkò ní ìwọ̀ oòrùn àríwá Tọ́kì láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn, ó sì wà ní Takarkori ní aṣálẹ̀ Líbíà láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méje. Ní Yúróòpù, ó tó ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà kí lẹ́tà yẹn tó gbilẹ̀. Àwọn èèyàn ti ń jẹ mílíìkì tipẹ́ kí ara wọn tó lè gbà á. Kíkan àti dídì wà lára ohun tó mú un rọrùn. Títí dòní ni ọ̀pọ̀ ará Mòǹgólíà ń jẹ ohun tí wọ́n fi mílíìkì ṣe láìní lactase, nítorí pé wọ́n ń jẹ́ kó kan.

Wàrà jẹ́ ọ̀kan nínú irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Wọ́n á gbé mílíìkì kaná títí yóò fi gbóná débi tí ọwọ́ kò lè pẹ́ nínú rẹ̀, bíi 50°C. Wọ́n á gún ewé bomubomu, bíi mẹ́ta sí márùn-ún fún lítà kan, wọ́n á sẹ́ omi rẹ̀ sí i, wọ́n á rò ó pọ̀. Wọ́n á jẹ́ kí iná gbé e dé ibi tó ti fẹ́ máa hó, yóò sì dì. Wọ́n á wá kó èyí tó dì sínú agbọ̀n kékeré kí omi rẹ̀ ro dànù. Inú omi yẹn ni lactose ti yòrò, òun náà ló gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ. Ọ̀rá àti purotéènì ló ṣẹ́ kù sínú agbọ̀n. Bí ewé bá kéré, kò ní dì dáadáa. Bó bá pọ̀ jù, ó máa korò. Èyí tí omi rẹ̀ kò ro tán ṣì ní lactose lára, ó sì tètè ń kan. Ẹ ṣọ́ra fún oje bomubomu, kó má ta sójú. Ó ń ba ojú jẹ́. Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní wagashi, wọ́n máa ń fi pòròpòrò ọkà bàbà pa á láró pupa.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ mílíìkì, ìwọ̀n ni kó wò. Ọ̀pọ̀ àwọn tí kò ní lactase lè gba tó gíráàmù 12 lactose lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá bí wọ́n bá fi oúnjẹ tì í. Agolo kékeré mílíìkì olómi, èyí tó wọn gíráàmù 160, ní tó gíráàmù 16 nínú. Ìdajì rẹ̀ nínú ògì pẹ̀lú àkàrà kò ní dà wọ́n láàmú. Ṣíbí ìjẹun kan mílíìkì oníyẹ̀fun tí kò kún gègèrè ní bíi gíráàmù 3 lactose nínú. Yọ́gọ́ọ̀tì náà rọrùn, torí kòkòrò inú rẹ̀ ń bá ìfun gé lactose, bí wọn kò bá ti fi iná pa wọ́n lẹ́yìn tó ti kan tán. Nónò náà kan, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi mílíìkì àìsè ṣe lè gbé ikọ́ ife wọlé, kíkan kò sì tó láti pa á.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ yàtọ̀ pátápátá. Ìgbẹ́ gbuuru tó le lè ba ìfun rẹ̀ jẹ́, kí lactase dín kù fún ìgbà díẹ̀, ó sì máa ń padà bí ìfun bá ti san. Ẹ má tìtorí rẹ̀ gba ọmú lẹ́nu rẹ̀. Ẹ máa fún un lọ́mú lóòrèkóòrè, kí ẹ sì fi omi oníyọ̀ àti ṣúgà (ORS) kún un.