Ọjọ́ tí mo gbé kúlà lọ sí King's College

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò ráyè kúrò nídìí ọjà rẹ̀ lọ́jọ́ àbẹ̀wò, ló bá ní kí n bá òun gbé oúnjẹ lọ fún ọmọ: ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù, adìyẹ díndín, àti gààrí Ìjẹ̀bú tí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ fún. Mo wọ bọ́ọ̀sì BRT ní Mile 12, mo gbé kúlà lé itan. Kétu, Òjòta, Maryland, Fádèyí, títí a fi gun afárá Èkó tí omi ọ̀sà yọ sí wa.

Tafawa Balewa Square, TBS, ni mo sọ̀ sí. Ère ẹṣin funfun àti ti ẹyẹ idì pupa ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀. Pápá ìsáré ẹṣin ni láyé òyìnbó. Ibẹ̀ náà la ti gba òmìnira ní 1960. Ẹ yíjú báyìí, King's College rèé.

Ọjọ́ 20 oṣù kẹsàn-án ọdún 1909 ni wọ́n ṣí i, pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ 10 péré. King's School ni wọ́n ń pè é nígbà náà. Kì í ṣe òun ni girama àkọ́kọ́ l'Ékòó, nítorí CMS Grammar School ti wà láti 1859. Ṣùgbọ́n ìjọ ló ni ìyẹn, ìjọba ló ni èyí. Fún ìdílé Mùsùlùmí bíi tiwa, tí bàbá wa àgbà kì í fẹ́ gbọ́ pé wọ́n fẹ́ fọmọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré.

Ọmọ jáde sí mi nínú aṣọ funfun báláú. Ó ta áńkáṣíìfù mọ́ ọrùn kí ọbẹ̀ má baà ta sí i, ó wá dojú kọ itan adìyẹ. Àmì ilé ẹ̀kọ́ wà láyà rẹ̀: Spero Lucem, mò ń retí ìmọ́lẹ̀.

Àwọn èèyàn fẹ́ràn láti máa ka orúkọ àwọn ńláńlá tó ti ibẹ̀ jáde, Alex Ekwueme tó ṣe igbákejì ààrẹ, Odumegwu Ojukwu tó ṣe olórí Biafra, àtàwọn mìíràn. Àwọn ọmọ 1944 ni tèmi. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ìjọba kó sójà sínú ilé tí àwọn ọmọ ń sùn, wọ́n kó àwọn ọmọ lọ sí ìgboro. Àwọn ọmọ yarí. Wọ́n kó 75 lọ sí kóòtù, wọ́n sì fi tipátipá sọ mẹ́jọ nínú wọn di sójà. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́jọ náà kú sẹ́nu iṣẹ́ ológun. Ọ̀rọ̀ náà ká Èkó lára. Ní oṣù kẹjọ ọdún yẹn kan náà, àwọn ẹgbẹ́ oríṣiríṣi pàdé ní Glover Hall, kò sì jìnnà síbi tí a jókòó sí. Ìpàdé yẹn ló bí ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC: Herbert Macaulay ṣe ààrẹ, Nnamdi Azikiwe ṣe akọ̀wé.

Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ó gbé egungun adìyẹ sílẹ̀.

"Àǹtí, ṣé wọ́n jẹ́ kí ìyá ọmọ tó kú yẹn rí i kó tó lọ?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Mo ń fi ìdérí kúlà ṣeré lọ́wọ́. Nígbà tí àkókò tó, ó nu ọwọ́, ó gbé gààrí rẹ̀ mọ́ abíyá, ó sì dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ bá mi sọ fún màmá mi, kí wọ́n wá fúnra wọn lọ́jọ́ àbẹ̀wò tó ń bọ̀."