Ẹni Tí Wọ́n Ròyìn Ikú Rẹ̀ Ló Ni Àwàdà Náà

Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2020, iléeṣẹ́ rédíò ilẹ̀ Faransé tí ń jẹ́ RFI gbé ìròyìn ikú bí ọgọ́rùn-ún èèyàn jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà láàyè. Ọbabìnrin Elizabeth wà níbẹ̀, Pelé wà níbẹ̀, Jimmy Carter náà kò gbẹ́yìn. Iléeṣẹ́ náà tọrọ àforíjì, wọ́n ní ibi tí àwọn ti ń kó iṣẹ́ lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn ni àṣìṣe ti wọlé. Kò sí iléeṣẹ́ ìròyìn ńlá tí kì í kọ ìtàn àwọn àgbà pamọ́ de ọjọ́ ikú, n kò sì rí aburú níbẹ̀, nítorí pé ìtàn ẹni ọgọ́rin ọdún kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ìkánjú kọ lójú ẹkún. Ohun tó ń dùn mí ni pé inú àpótí ni gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn yẹn wà, nígbà tí etí tó yẹ kó gbọ́ ọ kò tíì di.

Dókítà Nnamdi Azikiwe wà lára àwọn díẹ̀ tó gbọ́ tiwọn. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 1989, oṣù tí bàbá pé ọdún 85 gan-an, ariwo gba Nàìjíríà kan pé Zik ti kú, àwọn ìwé ìròyìn sì gbé e. Ọdún 1996 ni bàbá tó kú ní tòótọ́. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Zik dère, ó sì tún lo ọdún mẹ́fà àti àbọ̀ sí i.

Ti Ààrẹ Muhammadu Buhari ló pa mí lẹ́rìn-ín jù. Nígbà tí àìsàn dá a dúró sí Lọ́ńdọ̀nù fún oṣù mélòó kan lọ́dún 2017, àwọn kan ní ó ti kú, wọ́n ní ẹnì kan tó ń jẹ́ Jibril láti Sudan ló ń ṣe ìjọba. Ní Kraków, ní ilẹ̀ Poland, ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún 2018, ó fi dá àwọn ọmọ Nàìjíríà lójú pé òun gan-an ni, ó sì fi kún un pé àwọn kan ti lọ bá igbákejì òun, Ọ̀jọ̀gbọ́n Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, pé kí ó fi àwọn ṣe igbákejì tirẹ̀. Aláìsàn kò tíì kú, wọ́n ti ń pín ogún! Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ṣe àwàdà, nítorí òun ni wọ́n pa. Ṣùgbọ́n nígbà tó kú ní tòótọ́ ní oṣù keje ọdún 2025, tí mo rí àwọn tó ń béèrè pé èwo nínú àwọn méjèèjì ló kú, inú mi bàjẹ́, torí pé ó ní ìyàwó, ó ní ọmọ, wọ́n sì mọ̀wé kà.

Ṣáájú ìgbà náà, ẹnì kan ti fi àwòrán àgbà òṣèré tíátà kan ránṣẹ́ sórí Wásáàpù ẹbí wa, pẹ̀lú àbẹ́là tó ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kíá ni àbúrò màmá mi ti kọ ọ́ pé, “Ó di gbéré, ó dojú àlá. Bàbá, ẹ má jọ̀kùn, ẹ má jekòló.” Èmi náà kọ tèmi, mo sì kọ ọ́ gùn. Màmá mi kò kọ nǹkan kan. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n fi etí ìró nu ún, wọ́n tún wo àwòrán náà.

Nígbà tó di alẹ́, fídíò dé. Bàbá náà jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn wú, abọ́ ẹ̀kọ tó ti tutù wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ṣùgbọ́n ohùn tí a mọ̀ mọ́ wọn láti kékeré kò yí padà. Wọ́n ní, “Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ nípa mi, ó dùn mọ́ mi nínú. Ẹ̀yin tí ẹ ti dáwó màlúù òkú mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ báyìí, kí n fi ra oògùn, kí màlúù náà lè pẹ́ láyé.”

Gbogbo ẹbí bú sẹ́rìn-ín. Màmá mi gbójú sókè kúrò lára fóònù, wọ́n ní, “Ṣé wọ́n sọ nọ́ńbà àkáǹtì wọn?”