reduce àbí collect: ibi tí mo dúró sí

Nínú èdè kọ̀ǹpútà Java, stream ni ọ̀wọ́ nǹkan tí à ń ṣiṣẹ́ lé lórí; reduce àti collect ni ọ̀nà méjì tá a lè gbà sọ wọ́n di èsì kan. Tí mo bá ń yẹ kóòdù àwọn ará ibi iṣẹ́ mi wò, ohun kan wà tí n kì í fojú fò: ArrayList (lísìtì tó ṣeé fi nǹkan kún) tí wọ́n tì bọ inú reduce. Kóòdù náà á ṣiṣẹ́, èsì á pé, gbogbo test (àyẹ̀wò kóòdù) á yege. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Iṣẹ́ reduce ni kó mú ohun méjì, kó fi wọ́n ṣe ọ̀kan tuntun, kó tún da ìyẹn pọ̀ mọ́ èyí tó kàn, títí á fi ku ẹyọ kan. Kì í yí èyí tó wà tẹ́lẹ̀ padà. Iye owó ọjà bá a mu:

owo.stream().reduce(0, Integer::sum)

Òdo yẹn ò bù kún nǹkan kan, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ẹ fi 10 rọ́pò rẹ̀, kẹ́ ẹ lo parallelStream, tó ń pín iṣẹ́ kí wọ́n lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà: gbogbo ìpín tí Java bá pín iṣẹ́ náà sí ló máa ka 10 tiẹ̀ mọ́ ọn. Ìyọkúrò náà ò ṣe é lò níbẹ̀, torí ibi tí wọ́n bá pín in sí ń yí èsì padà: (10-5)-2 jẹ́ 3, 10-(5-2) sì jẹ́ 7.

Àmọ́ tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kó nǹkan jọ sínú àpò, collect ni:

collect(ArrayList::new, ArrayList::add, ArrayList::addAll)

Ẹ wo ti àkọ́kọ́ dáadáa. ArrayList::new ló ń jẹ́ kí ìpín kọ̀ọ̀kan ní àpò tiẹ̀; add ló ń fi nǹkan sínú rẹ̀; addAll á wá dà wọ́n pọ̀. Nínú reduce, new ArrayList<>() kan ṣoṣo ni gbogbo thread, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ inú ètò tó ń ṣe àwọn ìpín náà, máa rọ́ lù lẹ́ẹ̀kan náà, wọn ò sì ṣe ArrayList fún irú ìyẹn. Nǹkan á sọnù, òmíràn á wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ètò náà sì lè kú sójú iṣẹ́. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá sọ stream() di parallelStream() lọ̀rọ̀ tó ń bẹ̀rẹ̀.

Ti String, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a fi lẹ́tà kọ, yàtọ̀ díẹ̀. reduce("", String::concat) máa fún yín ní èsì tó tọ́, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tó bá so orúkọ kan mọ́ ọn ló ń da gbogbo ti tẹ́lẹ̀ kọ. Orúkọ 10,000 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà 10, lẹ́tà bíi mílíọ̀nù 500 ló máa dà kọ, kí ó tó rí 100,000 mú jáde. collect pẹ̀lú Collectors.joining ni kẹ́ ẹ lò.

Fún lísìtì lásán, toList() ti wà láti Java 16. Èmi ò ní buwọ́ lu reduce tó bá ní add nínú, bó ti wù kí test rẹ̀ yege tó.